Fáàfù Mẹ́rin Nínú Páànù Máásà

Kíríkírí, kíríkírí, bẹ́ẹ̀ ni èèpo àgbọn ń dún lára irin, tí ìyẹ̀fun dúdú ń já bọ́ sórí ìwé ìròyìn tí ìyá àgbà wa tẹ́ síwájú ilé ìdáná. Ó jókòó lórí àpótí, ó ká ìró rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó di irin náà mú nídìí, ó ń ha á. Bí ojú irin funfun kan ṣe yọ lábẹ́ dúdú yẹn nìyẹn, kékeré, ó ń dán. Ìyá àgbà gbé e sókè síbi tí oòrùn wà.

"Ẹ wá wò ó," ló wí. "Ẹ wá wò ó, ó ti ń yọjú."

Gbogbo àwa ọmọ ilé sáré dé ibẹ̀. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n fẹsẹ̀ da abọ́ kẹrosíìnì nù.

Fáàfù ọkọ̀ bàbá mi ni. Sawaba ní Kùmásì, nílẹ̀ Gánà, là ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí bàbá àgbà wa kọ́ lẹ́yìn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò. Bàbá mi ń wa tròtrò, ọkọ̀ akérò kan tó ti gbó tí kò sì mọ̀ pé òun ti gbó. Ìyá àgbà, ìyá tó bí i, ń dín máásà tà lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Ìrẹsì lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe máásà, inú páànù irin wúwo tó ní ojú méje ni wọ́n sì ti ń dín in, ojú kọ̀ọ̀kan jìn bí àtẹ́lẹwọ́ tí a ká kò. Àǹtí mi, àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà, ló máa ń bu ìrẹsì náà sójú páànù, ìyá àgbà a sì máa yí i pa dà. Àǹtí mi yìí ló fẹ́ lọ ilé ọkọ ní Santasi.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, bàbá mi fi tròtrò kó wa lọ kí àwọn àna. Òkè kan wà kí èèyàn tó dé ilé wọn. Bí a ṣe dé ìdajì òkè náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dúró. Tiyì tẹ̀yẹ la fi bọ́ sílẹ̀, àwọn ìyá pẹ̀lú léèsì wọn, a ń ti mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn lókè, ó ń wò wá bọ̀.

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," ló wí fún ìyá àgbà nígbà tí a débẹ̀. "Tó bá di ọjọ́ náà, a máa rán mọ́tò tiwa wá gbé ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ tútù ni, ṣùgbọ́n ó gún ìyá àgbà lọ́kàn. Nílé wa, mọ́tò ilé ni ọmọbìnrin fi ń jáde lọ ilé ọkọ. Bàbá àgbà wa fi lọ́rì rẹ̀ gbé gbogbo àwọn àǹtí mi tó dàgbà lọ kó tó kú. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló kù.

"Toh, ẹ ṣeun," ni ìyá àgbà dáhùn. "Inú mọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ọmọ mi máa jókòó sí. Ó sì máa gun òkè yìí."

Bàbá mi rọra ń wa ọkọ̀ títí a fi délé, ó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Ọjọ́ tó ṣáájú yìgì ni fítà wa tó ráyè. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kùmásì ni òun náà, ó ń tún ọkọ̀ ṣe, ó sì máa ń fi Twi la ọ̀rọ̀ láàárín. Iwájú ilé wa ló ti ṣí ẹ́ńjìnnì, ó gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lé orí táyà àlòkù, ó yọ fáàfù mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n rí bí olú inú igbó, igi gígùn tó dé fìlà, àmọ́ èépá dúdú ti bo ìdí fìlà náà, ó nípọn, ó sì le.

"Bọ̀dá, hwɛ, ẹ wò ó," ló wí fún bàbá mi. "Òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jò sí i lára, tó ń jóná síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Báwo ló ṣe máa mí lórí òkè?" Ó ní iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun, kò ní í lè ha wọ́n tán lọ́jọ́ náà.

Ìyá àgbà gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òróró tó jóná," ló wí. "Ṣé kì í ṣe èyí tí mò ń ha lójú páànù mi láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ?"

Fítà rẹ́rìn-ín. "Òun gan-an ni, Ìyá. Àmọ́ mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀bẹ kàn án o. Tí etí ẹ̀ bá ti ha, kò ní í padé mọ́."

"Ta ní ń fọ̀bẹ ha páànù máásà? Ṣé o fẹ́ kó máa lẹ̀ ni?"

Bí èèpo àgbọn ṣe wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà rẹ àwọn fáàfù náà sínú kẹrosíìnì, ó ha wọ́n, ó fi àkísà àti eérú kíkúnná nù wọ́n. Fítà ti kìlọ̀ pé olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, pé wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ara wọn. Ìyá àgbà gbé páànù máásà jáde, ó to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò nínú ọkọ̀. Nígbà tí fítà máa fi ọ̀pá onírọ́bà lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú àyè rẹ̀, tó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, inú páànù náà ló ti ń mú wọn, ibẹ̀ náà ló ń dá wọn pa dà sí. Ó da kẹrosíìnì lé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó ń jò, kò sì sí èyí tó jò. Ó ku kí wọ́n tò ó láàárọ̀ kí ọkọ̀ máa lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ yìgì, ìyàwó àbúrò bàbá mi dé láti Tafo láti bá wa dáná àlejò. Obìnrin tí ara rẹ̀ yá ni, kì í dúró kí wọ́n tó rán an níṣẹ́. Ó rí páànù, ó rí irin nínú ẹ̀, ó ní kí ni ìdọ̀tí fítà ń wá nínú ohun ìdáná. Ó da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú bàsíà, ó fọ páànù, ó gbé e kaná. Máásà àkọ́kọ́ ti ń wú nígbà tí ìyá àgbà jáde.

Ìyá àgbà wo páànù, ó wo bàsíà. Fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dán, wọ́n jọra bí ìbejì.

"Ẹ dárí jì mí, irin ni mo rí," ni ìyàwó Tafo ń wí. Ìyá àgbà ò bá a wí. Ó kàn jókòó sílẹ̀ lórí pèpéle.

Fítà dé, ó gbé ọwọ́ lérí. "Ei. Ó le paa, ó le gan-an. Tí n bá tún un lọ̀, Àlàásárì á bá wa níbí." Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni ìyàwó gbọ́dọ̀ jáde. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò funfun kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Àwọn àna ló rán an, wọ́n ní kó wà nítòsí, bó bá di dandan. Dírẹ́bà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń rin pákò.

Bí ìyá àgbà ṣe rí i, ó dìde. "Kẹrosíìnì tí o fi dán an wò lánàá ń kọ́? Èyí tó bá wà nípò rẹ̀ ò ní í jò."

Fítà wò ó, ó ní, "Wallahi, ó lè ṣe é."

A pé bo orí ẹ́ńjìnnì náà. Fítà fi fáàfù kan sáyè àkọ́kọ́, ó da kẹrosíìnì lé e. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ yìgì, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó kán. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Ó tún kán. Wọ́n fi ẹ̀kẹta sí i, a dúró, a ò mí. Kò kán. Mi ò tíì rí ibi tí inú ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti dùn nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá àyè àwọn tó kù, dírẹ́bà mọ́tò funfun pàápàá ti wá bá wa bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń sọ fún wa pé kò tíì jò.

A kírun tán kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Ó tú èéfín púpọ̀, ó rúnjú díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì là. Àǹtí mi wọlé sínú tròtrò, ìyá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi níwájú, mọ́tò funfun tẹ̀ lé wa. A dé ẹsẹ̀ òkè. Bàbá mi pààrọ̀ jíà. Mo di ìjókòó iwájú mú, mo ń retí ikọ́ yẹn. Ọkọ̀ kò wúkọ́. Ó gun òkè bí ẹni tó jẹun yó, ó kọjá ibi tí a ti tì í, a hó yèè, àǹtí mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tí à ń pa dà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ara bàbá mi ò gbà á mọ́.

"Ìyá, ẹ rí bó ṣe gùn ún?"

"Ó gùn ún," ni ìyá àgbà wí. Ó bojú wo ìjókòó tí àǹtí mi jókòó lé lọ. "Ó tiẹ̀ yá jù. Ǹ bá ti fi díẹ̀ nínú èépá yẹn sílẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú wò ó, tó rí i pé ó ń fi etí ìborùn nu ojú, ló bá dín eré ọkọ̀ kù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà nìkan ló bu máásà, òun náà ló yí i.

Ọwọ́ mi ni páànù yẹn wà báyìí. Èèpo àgbọn ni mo ṣì fi ń ha á, mi ò jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án, bí mo bá sì ti gbọ́ kíríkírí yẹn, inú mi a dùn bí ti ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọmọbìnrin mi ń lọ ilé ọkọ. Ó ń yọ̀, èmi náà ń yọ̀, mo sì ti sọ fún gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo jókòó lórí àpótí, mo ha páànù náà fún un láti mú lọ. Mo ha ojú mẹ́fà, wọ́n ń dán. Mo fi ìkeje sílẹ̀.