Fọ́ọ̀mù Tí Pásítọ̀ Da Òróró Lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, Vai Town, àdúgbò wa nílẹ̀ òkèèrè, ni mo ti kọ́ ìṣirò, ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tó ń ta páàtì ọkọ̀. Èmi nìkan ló bí. Gbogbo oníbàárà ló máa ń sọ fún pé èmi ni n óò jókòó sórí àga òun lọ́jọ́ iwájú, inú mi a sì máa dùn.

Ìrẹsì ló yí mi lọ́kàn padà. Bí wọ́n bá ti ní ọkọ̀ ojú omi pẹ́ kó tó dé èbúté Freeport, ìrẹsì tó ti wà lọ́jà láti oṣù tó kọjá á gbówó lórí lọ́jọ́ kan náà. Mo ń bi àwọn àgbà pé kí ló dé. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ layé rí. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Tíṣà wa kan ní girama ló sọ fún mi pé nínú Ẹkọnọ́míìsì ni wọ́n ti ń wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní:

"Ẹkọnọ́míìsì? Ta ní ń rà á? Bísínẹ́ẹ̀sì ni wàá kà, ọmọ mi."

Kí n tó mọ̀, ó ti jẹ́rìí nínú ìjọ wa, ìjọ àwọn ará Nàìjíríà ní Camp Johnson Road, pé Ọlọ́run ti fún òun ní arólé, àti pé Bísínẹ́ẹ̀sì ni n óò kà. Mo kọ Bísínẹ́ẹ̀sì sí fọ́ọ̀mù, pásítọ̀ gbé e sórí pẹpẹ, ó gbàdúrà, ó sì da òróró lé e. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá, a kì í fi òróró ṣahun. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Nígbà tí mo gbé e dé yunifásítì, obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù fi ìka méjì gbé e sókè.

"Ay, my people! You fry plantain on it? Dis one spoil-o. Take new one, fill it right here."

Mo jókòó, mo mú bírò. Kò sí bàbá, kò sí pásítọ̀. Ẹkọnọ́míìsì ni mo kọ.

N kò lè fi pamọ́. Mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń to páàtì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti dójú tì í láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dìde nínú ìjọ, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi tún ẹ̀rí mi ṣe. Ohun tí mo sọ pé ọmọ mi máa kà kọ́ ló máa kà. Èmi ni mo sáré ju Ọlọ́run lọ." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún.

Ayé ti yí padà. Orí fóònù ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń kọ fọ́ọ̀mù, wọn á ti yan ohun tí wọ́n fẹ́ tán kí wọ́n tó wá sọ fún wa. Ó dára bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń dùn wá díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá sọ fún mi pé Bísínẹ́ẹ̀sì lòun yàn. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹkọnọ́míìsì! Mo ti la ẹnu pé kó lọ pa á rẹ́. Mo tún pa ẹnu mi dé. Mo wá bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀ níbẹ̀?" Ó fa àga sún mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.