Sítáàṣì àti Aṣọ Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Kó Jọ

Sítáàṣì ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Ìrìn rẹ̀ gan-an le, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró bíi pé ẹnì kan ti lọ òun náà kó tó jáde nílé. Akọ̀wé kóòtù, oníbàárà rẹ̀ àtayébáyé, a máa sọ pé bí òun bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Sítáàṣì lọ̀, tí bírò òun sì já bọ́ sílẹ̀, ó di dandan kí òun bẹ ẹlòmíì kó bá òun mú un, torí aṣọ náà kò ní gbà kí òun bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó Sítáàṣì ló máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, akọ̀wé ń yìn ín ni.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọkọ ń fọ̀, ó sì ń lọ̀. Ìyàwó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń dì í fún wọn bó bá yá, òun náà ló sì ń rán àmì sí i. Àmì ọ̀hún kò ju òwú díẹ̀ lọ, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ gún sí abẹ́ ọrùn aṣọ níbi tí ojú ò ti lè tètè rí i. Ti akọ̀wé kóòtù jẹ́ òwú aláwọ̀ ewé, ti olùkọ́ àgbà jẹ́ pupa, ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn ọjà jẹ́ pupa pẹ̀lú dúdú. Tọkọtaya yìí nìkan ló mọ ẹni tó ni àwọ̀ wo. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù wọn, nísàlẹ̀ ìlú, kò jìnnà sí afárá. Tábìlì ìlọṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, okùn ìsáṣọ mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí odò ya wọ ìlú, Sítáàṣì ti ru aṣọ ìbùsùn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè. Ó gbọ́ ariwo kan tó dà bíi ti tírélà tó ṣubú, kò kà á sí. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà, kò sí títì mọ́. Omi ló rí, omi aláwọ̀ ilẹ̀, tó gbé ilẹ̀kùn àti tábìlì àti ewúrẹ́ dání, tó ń lọ ní tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin dì í mú níbẹ̀, torí ó fẹ́ wọ inú rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, tó gun igi kó tó là á já, ni ẹni tó rí ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀nà tó lọ sórí òkè ni omi kọ́kọ́ gbà, ó ní, afárá nìkan ló kù téèyàn lè sá lọ.

"Mo ké sí i," ni onígbàjámọ̀ wí. "Mo ní, 'Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ máa bọ̀.' Ó ní òun ń bọ̀, kí òun kàn kó aṣọ aláṣọ kúrò nílẹ̀ ná. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi ẹ̀ka igi tí mo dì mú."

Aṣọ aláṣọ. Ọ̀rọ̀ méjì yìí wọ Sítáàṣì létí, wọn ò sì jáde mọ́. Omi fà, odi ṣọ́ọ̀bù hàn láìní òrùlé, ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ìròyìn wá láti òdìkejì afárá pé ìyàwó rẹ̀ kò sí láàárín àwọn tó sá kọjá sọ́hùn-ún. Láràárọ̀ ló ń lọ fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀ kiri pẹ̀lú àwọn tó ń wá òkú. Bó bá di ọ̀sán, á gun òkè padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ á ṣófo.

Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó wà lórí òkè ni omi kò dé, nítorí náà ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ lọ ń sùn, láàárín àwọn ìjókòó gígùn, orí ẹní, orí páálí, àwọn ọmọdé lábẹ́ pẹpẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ló ní lọ́rì, òun ló ń ru omi mímu àti ìrẹsì. Obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìjọ ló ń ṣètò oúnjẹ, ìkòkò rẹ̀ ńláńlá kì í kúrò lórí iná. Wọ́n ṣe dáadáa. Sítáàṣì rí i pé wọ́n ṣe dáadáa, kò sì dín nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kù.

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní bí wọ́n ṣe máa ń kó aṣọ jọ fún aláìní, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta aṣọ lọ́rẹ á dì í, á so ó kọ́ ibi gíga létí títì, ìbáà jẹ́ géètì tàbí ẹ̀ka igi, á sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́rì á mú un bó bá ń kọjá. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tó fúnni máa yangàn, wọn kò sì fẹ́ kí ojú ti ẹni tó gbà. Ọjọ́ kejì omíyalé ni pásítọ̀ tún kéde rẹ̀: ẹ dì í, ẹ so ó kọ́, Ọlọ́run rí yín. Ìdì aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í so lórí òkè bí èso.

Ìyá Ìjọ ní kí Sítáàṣì jókòó, kó jẹun. Ó ní òun ò lè jókòó, kí wọ́n wá áyọ́ọ̀nù fún òun. Wọ́n rí eléèédú kan tó ti dípẹtà ní yàrá akọrin. Ó fi iyanrìn ha ìdí rẹ̀ títí ó fi dán, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, láti ìgbà náà gbogbo aṣọ ọrẹ tí àwọn obìnrin bá fọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá kí wọ́n tó pín in.

Onídìrí, obìnrin ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́ kan tí omi gbé ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ lọ tòun ti àga inú rẹ̀, ló wà nídìí ìfọṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Sítáàṣì, ẹ rọra o," ó wí. "Orí páálí lẹni tó máa wọ ṣòkòtò yẹn ti máa sùn. Kò lọ kóòtù."

"Ẹ fọ tiyín mọ́ ná."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ èyí. Ẹ wo omi rẹ̀. Irú olóore wo ló ń fi ẹrẹ̀ ṣe èènì?"

"Ó fẹ́ ká rí iṣẹ́ ṣe ni," obìnrin kan tí wọ́n jọ ń fọṣọ dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí kì í pẹ́ ní irú ibẹ̀ yẹn.

Sítáàṣì mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan nínú èyí tó ti gbẹ. Ọrùn aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń lọ̀, láti inú. Ó yí ọrùn náà síta, àtàǹpàkò rẹ̀ sì kan nǹkan kí ojú rẹ̀ tó rí i. Òwú aláwọ̀ ewé.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó mú òmíràn: pupa. Òmíràn: pupa pẹ̀lú dúdú. Ó tú èyí tó ṣì wà nínú omi, ó ń yí ọrùn wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ọṣẹ ń ro sí bàtà rẹ̀.

"Kí ló dé?" Onídìrí bi í.

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn aṣọ yìí wà lọ́jọ́ yẹn. Kí ni wọ́n fi dì wọ́n?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Onídìrí nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ara rẹ̀. "Gèlè kan ni. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé kókó rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A fún àwọn tó ń se oúnjẹ, wọ́n ń fi í di ìkòkò mú."

Ó bá gèlè náà létí iná. Búlúù ni, tó ní ìlà wẹ́wẹ́, etí kan ti jóná, èéfín ti bà á jẹ́. Èyí tí ìyàwó rẹ̀ wé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. Ó mú un dání, kò mọ ohun tó yẹ kóun fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nínú rẹ̀, tó sì ń bà á lẹ́rù: bí aṣọ bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tí gèlè rẹ̀ ló sì dì í, a jẹ́ pé òun náà jáde.

Ìròyìn yìí ká ṣọ́ọ̀ṣì kíá. Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀ síbi tó wà. Pásítọ̀ di ọwọ́ Sítáàṣì mú, ó ní Ọlọ́run kì í sùn. Àwọn tí wọn kò tíì rí ẹni tiwọn ń wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. Ohun tó kù kò ju ká béèrè ibi tí wọ́n ti rí ìdì náà lọ, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ni awakọ̀ lọ́rì.

Ìrọ̀lẹ́ ni awakọ̀ dé, ọkùnrin sísanra kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Sítáàṣì na gèlè náà sí i.

"Bàbá, ìdì tí a ti kó pọ̀," awakọ̀ wí. Ó wo gèlè náà dáadáa. "Háà, mo rántí èyí. Ti orí afárá ni. Wọ́n so ó mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ afárá, níbi tí mo ti ń yí lọ́rì padà. Kókó yẹn ò ṣe é tú rárá, la bá gé e. Mo tiẹ̀ sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé ẹni tó fi eléyìí tọrẹ ti gbìyànjú, ó rìn dé orí afárá kó tó so ó."

"Ṣé omi bo afárá lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá o. Omi ò dé orí ẹ̀. Gbogbo ẹni tó dúró síbẹ̀ ló là." Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Lójú tirẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni.

Sítáàṣì ní kó gbé òun débẹ̀.

Lọ́nà, àpò ìrẹsì tí wọn kò tíì já ń fara gbún ara wọn lẹ́yìn lọ́rì. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, awakọ̀ na ọwọ́ sí ibẹ̀, Sítáàṣì sì sọ̀ kalẹ̀. Àgékù gèlè náà ṣì wà lára irin, kókó méjì léra wọn, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń dì í fún oníbàárà tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọwọ́ tí ò gbọ̀n ló so ó. Ó ráyè so ó.

Láti ibi tó dúró, ó rí odi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò jìnnà. Èèyàn lè rìn ín kó má mí hẹlẹ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn aṣọ tó yí ọrùn wọn síta lọ́sàn-án yẹn. Ti akọ̀wé kóòtù wà níbẹ̀, ti olùkọ́ àgbà wà níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá tábìlì, tí ẹrẹ̀ ti kàn kí ìyàwó rẹ̀ tó kó wọn. Ti orí okùn ẹ̀yìnkùlé ni kò rí. Kò tilẹ̀ sí ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀ nínú ti orí okùn.

Awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká béèrè lódìkejì. Bóyá—"

"Ó padà," ni Sítáàṣì wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó dé ibí yìí. Ó so èyí tó kó mọ́ irin kí omi má gbé e, ó sì padà lọ kó ti orí okùn." Ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. "Aṣọ aláṣọ."

Inú bí i sí ìyàwó rẹ̀, inú bí i dé ibi tí kò ti lè wo odi náà mọ́. Gbogbo oníbàárà ì bá dárí jì í. Akọ̀wé kóòtù ì bá fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ì bá ní òun ti rí ààyè bẹ̀rẹ̀ mú bírò òun wàyí. Ó fi èékánná wá ojú kókó náà, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi eyín gbá a mú, ìdọ̀tí inú rẹ̀ korò lẹ́nu rẹ̀, kókó kò dáhùn. Awakọ̀ yọ ọ̀bẹ rẹ̀ láti àpò, ó nà án sí i. Sítáàṣì mi orí.

Omi ń lọ lábẹ́ wọn, ó ti kéré, ó ti fara balẹ̀. Awakọ̀ jẹ́ èèyàn rere, kò sì lè rí ẹni tó wà nínú ìpọ́njú kó má ṣe nǹkan kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Sítáàṣì léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run tó pa ìdì aṣọ mọ́ pa ẹni tó dì í mọ́. Ó ní kó jẹ́ kí wọ́n rí i láàyè, ní ilé ẹnikẹ́ni tó wù kó wà, kó dá a padà fún ọkọ rẹ̀. Àdúrà náà gùn, ó sì dùn ún gbọ́. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ń retí kí Sítáàṣì ṣe àmín.

Ó retí títí. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ṣe àmín náà jẹ́jẹ́, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ ṣíná sí lọ́rì.