Awò Ojú Tí Mo Fi Wo Fàráńdà Òdìkejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ojú tó mú bíi tèmi ní gbogbo Òṣòdì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe mú tó. Bí bàálù bá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Ìkẹjà, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin reluwé, màá gbójú sókè, màá sì máa wo àwọn èrò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń mọ ẹni tó sùn lóòótọ́, mo sì máa ń mọ ẹni tó kàn dijú. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń wa bàálù. Mo pariwo sí i, ó sì fi ọwọ́ bo ibẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun tí fóònù bá sọ lẹ máa ń gbà gbọ́, ẹ kì í gba àgbàlagbà gbọ́.

Ilé tí mo gbé dàgbà kò jìnnà sí ojú irin yẹn. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Àwọn ìlú kéékèèké ìhà Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí wa ti wá, wọ́n sì kó ìkíni ibẹ̀ wọ Èkó pẹ̀lú ẹrù wọn. Bàbá arúgbó kan ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà. Ojú bàbá náà ti lọ pátápátá. Kò ní awò, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ awò fún un, torí pé gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló máa ń dárúkọ ara rẹ̀. “Bàbá, ẹ káàárọ̀ o, èmi ni, ìyàwó alápatà.” “Bàbá, ẹ kú ìjókòó, èmi ọmọ télọ̀ ni.” Bàbá á dáhùn, á béèrè ará ilé, á béèrè ikọ́ tó ń ṣe ọmọ, á wá ṣàdúrà lé e. Ọkùnrin tí kò rí nǹkan kan yẹn mọ ẹni tó jáde, ó mọ ẹni tó wọlé, ó sì mọ ẹni tí kò sùnlé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ dàgbà nínú ilé náà máa ń lọ yí ohùn padà níwájú rẹ̀. Màá mú ohùn mi ki, màá ní, “Bàbá, èmi onílé ni mo dé.” Ọ̀rẹ́ mi á sọ ohùn tirẹ̀ di tín-ín-rín, á ní òun ni ìyàwó onílé. Bàbá á ní, “Ẹ káàbọ̀ o, onílé mi. Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ìyá yín ní kí ẹ wá wẹ̀.” A ó bẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo lọ sílé ìwé díẹ̀. Mo ka ìwé, àmọ́ ìwé kẹrin ni mo ti kà á tì. Iṣẹ́ fọ́kánáísà ni mo fi jẹun, mo ń lẹ táyà, ọ̀rẹ́ mi sì ń bá reluwé ṣiṣẹ́. Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, ìgbà tá a darúgbó, ojú ọ̀nà kan náà la bá ara wa ní Ìsọlọ̀. Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, títì ló wà láàárín. Òkè ni tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ni tèmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò gba àtẹ̀gùn mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń gòkè lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Láwọn ọjọ́ yòókù, ọwọ́ la fi ń kí ara wa, torí pé ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ márúwá kì í jẹ́ kí ohùn èèyàn ré títì kọjá. Bí oòrùn bá ti rọ̀, òun á jókòó sí fàráńdà, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Á gbé ọwọ́, màá gbé ọwọ́. Ó tó wa.

Ẹ wá wo ohun tó dà wá rú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, à ń rántí bàbá ẹnu ọ̀nà yẹn, a sì ń rẹ́rìn-ín, ni ọ̀rẹ́ mi bá sọ pé òun lòun máa ń ṣe onílé, pé èmi ni mo máa ń ṣe ìyàwó. Èmi! Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ó tún sín ohùn obìnrin tó ní mo máa ń lò jẹ. Inú bí mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò dágbére.

Mi ò gòkè mọ́. Mo ṣì ń gbé ọwọ́ nírọ̀lẹ́ ṣá o. Òun ni kò gbé e mọ́. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì lásìkò náà, ìyàwó mi tí ì bá bá mi wo òkèèrè sì ti di olóògbé. Nǹkan dúdú kan ni mo ń rí lórí fàráńdà, ó jókòó gọngọn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kan, kò dáhùn. Mo gbé méjèèjì, kò dáhùn. Mo ní, “Ọkùnrin yìí mà le o! Nítorí ìyàwó onílé?”

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò pè é lórí fóònù. Nọ́ńbà inú fóònù mi ti kéré ju ojú mi lọ. Ṣé kí n wá bẹ ọmọ aládùúgbò pé kó bá mi pe ọ̀rẹ́ mi tí kò dá mi lóhùn? Ẹ ó tún ní kí n gòkè. Èmi ni ẹ̀gbọ́n fún un, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá kọ́kọ́ tọ̀ ọ́ lọ.

Àdúgbò náà sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó ń tajà nísàlẹ̀ ilé ọ̀rẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, “Ẹ fi Àlàájì sílẹ̀, wọ́n ti di ẹni ńlá. Bóyá ọmọ wọn ti ń fi dọ́là ránṣẹ́.” Dọ́là wo? Mi ò tilẹ̀ dé Mẹ́kà rí. Àwọn ló ń pè mí ní Àlàájì, èmi ni mi ò já wọn nírọ́. Ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, màá jókòó, èèyàn á máa kọjá bí òjìji, kò ní sí ẹni tó máa yà. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Mo wá pinnu pé màá wá awò ojú, kí n lè rí ojú ọkùnrin yẹn dáadáa. Bó bá lejú, màá mọ̀ pé ìjà ṣì wà. Bí kò bá lejú, màá gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, màá gòkè.

Ọjà Bọ́ládé ní Òṣòdì ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n ti ń to awò sórí pákó bí ẹni ń to ẹja. Ẹni tó ń tà á ní, “Bàbá, ẹ gba èyí, ojú yín á mọ́lẹ̀ bíi tọ́ọ̀ṣì.” Mo wọ ọ̀kan, mo rí afárá Òṣòdì méjì. Mo wọ òmíràn, ilẹ̀ sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ẹsẹ̀ láti ré gọ́tà kọjá, kò sì sí gọ́tà níbẹ̀.

“Èyí tí wọ́n fi ń kàwé nìyẹn, Bàbá.”

“Ṣé mo jọ ẹni tó ń kàwé? Èèyàn ni mo fẹ́ rí lókèèrè.”

“Èèyàn, àbí omidan?”

“Arúgbó olóríkunkun kan ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti òkèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ojú mi wò ná, pé òun ò lè jẹ owó àgbàlagbà lásán. Mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n sọ iye tí wọ́n ń gbà fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀. Mo béèrè bóyá ojú tuntun wà nínú owó náà. Wọ́n ní rárá sà, férémù àti lẹ́ńsì ni. Mo dúpẹ́, mo jáde, oòrùn sì gbà mí padà.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ni mo parí rẹ̀ sí. Ọmọbìnrin kan ló ń yẹ ojú wò níbẹ̀. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri. Mo ka ti òkè. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo ní, “Èèrà nìyẹn.”

“Ẹ gbìyànjú, Dádì.”

“Mo ti gbìyànjú. Èèrà tó ń lọ sílé ni.”

Nígbà tó ṣe tán, ó sọ iye rẹ̀, ojú mi sì fà ro. Ó ní, “Dádì, férémù ló ń gbówó lórí. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tó ti gbó nílé, ẹ gbé e wá. Lẹ́ńsì nìkan la máa fi sí i, ẹ máa lè san ìyẹn.”

Mo délé, mo ṣí àpótí ìyàwó mi. Mi ò tíì ṣí i látìgbà tó ti kú. Awò rẹ̀ wà láàárín àwọn gèlè, férémù pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán lápá etí. Mo dì í mú títí. Mo ní, “Ìyá ọmọ mi, yá mi lójú ẹ.”

Ọjọ́ tí mo lọ gbà á, tí mo gbé e wọ̀, ọmọbìnrin yẹn ní láti kọjú sí ògiri kó tó lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà wo dígí. Mo jọ ìyá ẹgbẹ́ tó hu irùngbọ̀n. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn, ayé là gbòò! Mo rí wáyà iná, mo rí ẹyẹ tó bà lé e. Mo rí i pé ògiri ilé mi ti sán, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi.

Mo kọ́kọ́ kí ìyá oníbúrẹ́dì. “Ẹ kú ọjà o!”

Ó gbàgbé ìbínú. “Háà, Àlàájì! Gíláàsì obìnrin lẹ wọ̀ yìí o!”

“Ti ìyàwó mi ni. Ojú mi ò dáa, mi ò kì í rí yín ni. Kì í ṣe ìgbéraga.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹ ò sì sọ?”

Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo gbójú sókè. Ọ̀rẹ́ mi wà ní fàráńdà, ó lejú bí adájọ́. Ó rí òkúta tó ń dán létí mi, ẹnu rẹ̀ gbọ̀n, ẹ̀rín sì bú jáde. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó ń pariwo pé, “Ìyàwó onílé rèé o! Mo ti wí, mo ti wí!” A jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbà fún un pé èmi ni ìyàwó.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé ìgbà èwe wa, ẹnu la fi ń kíni, etí sì tó láti mọ aládùúgbò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kó kúrò nílé, á dágbére láti yàrá dé yàrá, wọ́n á sì di oúnjẹ ọ̀nà fún un. Lónìí, wọ́n ti gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kíni láti inú rẹ̀. Ẹni tí kò ríran, tí kò sì lówó awò, á di agbéraga láìmọ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ojú tí mo rà yìí kò jẹ́ kó rọrùn fún mi. Lóòótọ́ ni mo gbójú sókè. Dúrọ́ọ̀mù omi ni mo rí ní fàráńdà, wọ́n fi ọ̀rá dúdú bò ó. Òun ni mo ti ń gbé ọwọ́ sí láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá oníbúrẹ́dì ló sọ fún mi, ó rò pé mo mọ̀: “Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ yín ti gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ yẹn ti le jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró níwájú yín. Wọ́n gbé ọwọ́ sí yín títí. Ẹ̀ ń wò wọ́n, Àlàájì. Ẹ ò dáhùn.”

Mo ti lè ka nọ́ńbà fóònù báyìí. Mo pe tirẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, tá a jọ jókòó, èmi ni mo fi kún un. Kò sọ̀ kalẹ̀.