Ojú Pásítọ̀ Lára Ìwé Ọ̀bọ

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu ti dé. Mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé wa ní Kamazou, ní Kàdúná, nígbà tí onílé mi, tí í ṣe alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, yọ lẹ́nu géètì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò dáhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ilé rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mo kí i tí kì í béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló na ìwé kan sí mi bí ẹni tó mú òkú eku dání.

"Tíṣà, ta ló ni èyí?"

Fọ́tò pásítọ̀ wa ló wà lára ìwé náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ lo fi ojú ìránṣẹ́ Ọlọ́run bo ọ̀bọ?"

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ìwé tèmi náà ò pọ̀. Gwanjo ni mo máa ń rà, ìyẹn ìwé àlòkù tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lórí tapólì lọ́jà Sabon Tasha. Mi kì í yan ẹ̀yà ìwé. Mo ní ìwé sáyẹ́ǹsì nípa bí ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, tí àwòrán agbárí ọ̀bọ kún inú rẹ̀. Mo ní ìwé àwọn onímọ̀ Bíbélì tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ọjọ́ mẹ́fà tí Ọlọ́run fi dá ayé. Mo ní ìtàn ọ̀daràn abúlé, níbi tí wọ́n ti bá àgbẹ̀ kan lókùú nínú oko ara rẹ̀, tí gbogbo abúlé sì dákẹ́. Orí pẹpẹ ní pálọ̀ ni mo tò wọ́n sí, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè yá a.

Èyí tí èèpo rẹ̀ bá ti ya, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni mo fi ń bò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló nípọn jù. Bí ojú pásítọ̀ ṣe bọ́ sí iwájú ìwé ọ̀bọ nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá kan ládùúgbò wa wá yá ìwé nígbà tí mi ò sí nílé. Wọ́n rí ojú pásítọ̀, wọ́n rò pé ìwé àdúrà tí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin lọ́jọ́rú, wọ́n dìde láti ka díẹ̀ fún ẹgbẹ́, agbárí ọ̀bọ ló yọ sí wọn. Mo gbọ́ pé igbe "Jésù!" tí wọ́n ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ.

"Lọ́jọ́ Àìkú," ni alàgbà wí, "kó gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ yẹn wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. A máa dáná sun wọ́n. Bí o ò bá kó wọn wá, kó kúrò nílé mi kí oṣù tó parí. Àwọn ọ̀dọ́ sì ti gbọ́ o. Mi ò lè dá wọn dúró."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá wà ní Kàdúná lọ́dún 2000, nígbà ìjà ẹ̀sìn, mọ ohun tó ń jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́. Doka, ní ìhà àríwá odò, la wà nígbà náà, nílé bàbá mi. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, wọ́n ní àpótí ìwé mẹ́rin. Ìyá Hausa tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló fà wá wọ yàrá rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni mo ti rí ewé ìwé bàbá mi tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń fò lókè. Mi ò ní sọ ẹni tó dáná náà. Mi ò rí ojú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a sọdá odò wá sí ìhà gúúsù nítorí wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ni ààbò wà.

Ẹ̀rù bà mí. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu géètì, inú ìdáná ni mò ń sá sí. Síbẹ̀, wọn ò ní rí ìwé kan gbà lọ́wọ́ mi sun. Iná ti jẹ ti bàbá mi. Ó tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú àwọn ọmọ mi, mo mú Bíbélì mi, mo lọ. Alàgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn ìwé dà?"

"Wọ́n wà nílé, sà."

"O ò gbọ́ ohun tí mo wí ni?"

"Mo gbọ́, sà. Mi ò kó wọn wá ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lábẹ́ máńgòrò pariwo pé, "Màmá ọ̀bọ, sannu o!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo kí i padà ní Hausa, mo ní, "Yauwa, sannu," mo wọlé.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì pásítọ̀. Pásítọ̀ gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó wo fọ́tò ara rẹ̀ títí.

"Tíṣà, kí ni mo ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, sà. Èèpo ìwé náà ló ya." Mo fi Bíbélì mi hàn án. Kàlẹ́ńdà kan náà ni mo fi bò ó, ojú pásítọ̀ ló wà lára òun náà.

"Ṣé o gbà pé ara ọ̀bọ la ti wá?"

"Mi ò tíì kà á tán, sà. Ojú ewé ọgọ́ta ni mo dé. Bí mo bá kà á tán, màá mọ ohun tí mo gbà àti ohun tí mi ò gbà. Bí ẹ bá sun ún, mi ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ forí jì mí nítorí ojú yín. Mi ò tọrọ àforíjì nítorí ìwé."

Pásítọ̀ tú kàlẹ́ńdà náà kúrò, ó dá ìwé padà fún mi. "Wá bébà mìíràn fún un," ni ó wí. Ó jáde lọ bá àwọn ọ̀dọ́, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan èmi tàbí ilé mi, òun ló fọwọ́ kàn.

Alàgbà, tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ò rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ni ilé."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí n kó jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan rí yàrá fún mi ní Gonin Gora, mi ò lọ wò ó. Bébà búráùn ni mo rà, mo bo gbogbo ìwé mi ní tuntun, mo fi yíǹkì kọ àkọlé wọn gàdàgbà, mo kọjú wọn sí ẹnu ọ̀nà. Alàgbà wá yẹ pálọ̀ wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó fa ìtàn àgbẹ̀ tí wọ́n pa yọ.

"Mò ń mú èyí lọ fún ẹ̀rí."

"Ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé àwọn ayáwèé, sà."

Ó kọ ọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí, ó tún dé láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dáhùn.

"Tíṣà, àbúrò rẹ̀ ló pa á."

"Àbúrò ta ni, sà?"

"Àgbẹ̀ yẹn! Àwọn ewé tó kẹ́yìn ti já dànù, gwanjo burúkú! Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Oko ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ lè fà."

"Ìyàwó rẹ̀ ni, sà. Ta ló ń fọ aṣọ nínú òjò?"

"Haba, Tíṣà! Obìnrin tó ń sunkún yẹn?"

Orí ìdúró la ti jiyàn náà, títí omi tí mo gbé kaná fi hó dànù. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwé ọ̀bọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lórí pẹpẹ, sà. Mo ti dé ojú ewé igba."

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Mi ò ní yọ ọ́, sà. Bí mo bá máa kó lọ, òun náà á bá mi kó."

Ó nawọ́, ó ní kí n gbé lẹ́tà òun wá. Mo gbé e wá. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò bùbá rẹ̀, ó ní kí n má kó lọ síbì kankan. Ó dé ẹnu géètì, ó yíjú padà.

"Ojú ewé wo ló ti fọ aṣọ náà?"