Igi Kẹwàá Tí N Kò Yẹ̀ Wò

Òórùn igi ìrókò àtijọ́ kò jọ ti igi tuntun rárá. Bí ayùn bá ti wọ inú rẹ̀, ó máa ń rùn bí ata gbígbẹ tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí aṣọ, á ta ọ́ nímú, á sì dùn díẹ̀ ní ìparí. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí kan ní Agblangandan ni mo ti kọ́kọ́ mọ òórùn yẹn, lábẹ́ àgọ́ páànù kan tó wà láàárín òkìtì ilẹ̀kùn, fèrèsé, irin àti bíríkì tí a kó wá láti ara àwọn ilé tí wọ́n ń wó káàkiri Kútọnu. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa jẹ ìṣó wa bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ìrókò, ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà àyà mi á já. Jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń já fún ọ.

Zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ni mò ń gùn tẹ́lẹ̀. Ní oríta Godomey, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá mi lórí alùpùpù mi. Ọlọ́run Ọba yọ mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Mo jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyàwó mi ló ń bọ́ mi, ojú sì ń tì mí láti na ọwọ́ sí oúnjẹ. Ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú láti kékeré ní Ṣakété, kí òun náà tó kó wá sí Agblangandan, ló ní kí n wá síbi iṣẹ́ tí ìjọ mọ́sáláṣí dá sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń tú ilé àtijọ́ láì ba ohun èlò rẹ̀ jẹ́, kí a lè fi kọ́ ilé mìíràn. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà pé kó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ilẹ̀kùn gan-an sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi họ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀gá wa kì í ṣe mùsùlùmí. Ọmọ Àgùdà ni, láti ìdílé àwọn tó ti Brazil padà wá nígbà láéláé. Bàbá rẹ̀ kan òrùlé, bàbá bàbá rẹ̀ kan òrùlé. Á ṣe àmì àgbélébùú kó tó fi ayùn kan igi, àwa á ṣe Bísímílà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ààfáà máa ń pè é ní "Àlàájì Àgùdà," òun náà á sì dáhùn pé, "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mẹ́kà, Ààfáà, ẹni tó máa sanwó ọkọ̀ ni mi ò tíì rí." Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Orúkọ ìlú wa ló fi ń pè wá. Èmi ni Ṣakété. Obìnrin kan tó jù mí lọ tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, opó tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo wa lọ, òun ni Pobè.

Òfin méjì péré ni Ọ̀gá ní. Ẹni tó bá yẹ igi wò ló máa fi ẹfun kọ àmì ara rẹ̀ sí i. A ó fi òòlù kàn án láti orí dé ìdí, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó wá fi ìṣó gún orí rẹ̀ méjèèjì tó ti wà nínú ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń fara pamọ́ sí. Bí igi bá yege, a ó kọ àmì. Ìlà mẹ́ta ni àmì tèmi. Kò sí ẹni tó tún máa yẹ igi náà wò lẹ́yìn rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni wọn yóò gbé lọ sórí òrùlé. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá ṣàṣìṣe á tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ nípa igi á kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ìṣojú mi ni ọ̀kan nínú wa ṣe lọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Kétu tó sọ pé òun ti yọ gbogbo ìṣó inú pákó kan, tí eyín ayùn sì kán sára ìṣó tó kù níbẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó kàn ní, "Kétu, ó dàbọ̀ o." Oṣù kan péré ló kù kí ọkùnrin náà gba ìwé òmìnira rẹ̀, ìwé tí oníbàárà kì í gbé iṣẹ́ fúnni bí kò bá rí i.

Ní ọdún kejì mi, ìjì ká òrùlé ilé-kéwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Agbára ìjọ kò ká igi tuntun, nítorí náà iṣẹ́ di tiwa. Ìdílé kan ń wó ilé bàbá wọn ní Gbégamey, wọ́n sì yọ̀ǹda igi òrùlé ìrókò mẹ́wàá fún wa nítorí Ọlọ́run. Èmi ni Ọ̀gá rán lọ yẹ̀ wọ́n wò. "Ṣakété, o ti tó dá lọ," ló wí. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun kí n tó jáde nílé.

Òòrùn mú lọ́jọ́ náà. Mo mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kàn, mo gbọ́, mo gbóòórùn, mo gún. Ìkẹrin ló wù mí jù. Àwọn àgbà tó kọ́ ilé náà ti fi ọ̀dà dúdú tó nípọn kun orí rẹ̀ méjèèjì, ìṣó mi kò tilẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi òòlù kàn án, ó dún gbọin bí agogo. Mo tún un kàn, kí n kàn lè gbádùn ohùn rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkẹsàn-án ni ladáànì àdúgbò pe ìrun Aláàsárì. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, ni àyè mi. Bẹ́ẹ̀ ni Ààfáà ṣe tọ́ wa. Mo wo igi kẹwàá tó nà gbọọrọ sílẹ̀. Mo ní ṣebí ilé kan náà ni òun àti àwọn yòókù ti jáde. Mo fa ìlà mẹ́ta sí i, mo sì sáré lọ ṣe àlùwàlá.

Títí dé ibẹ̀, kò tíì bàjẹ́ tán. Mo ṣì lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, Ọ̀gá ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n ti ń kó igi sínú rẹ̀, ó sì ń wo àmì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé, "Gbogbo rẹ̀ lo yẹ̀ wò?" Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ ni, Ọ̀gá." Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lójú mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi kan òrùlé náà. Igi kẹwàá bọ́ sí àárín gbùngbùn. Àwọn ọmọdé padà sórí ẹní wọn pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, abẹ́ igi yẹn gan-an sì ni ọmọbìnrin Pobè, ọmọ ọdún méje, máa ń jókòó sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dára níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà ìjọ ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, èmi sì ń ṣe àmín. Bí mo bá forí kanlẹ̀, igi ni mò ń rí. Bí páànù bá ta nítorí oòrùn, màá gbójú wòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá Ọ̀gá láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé iwájú rẹ̀ tí mo tọrọ ìṣó. "Ṣakété, ṣé o ń jẹ ìṣó ni?" ló bi mí nígbà kẹta. Ìwé òmìnira mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń rántí Kétu, mo ń rántí ìyàwó mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé Ọlọ́run á ṣọ́ ilé Rẹ̀. Ní òótọ́, ńṣe ni mo fẹ́ fi Ọlọ́run ṣe òpó fún igi tí èmi kò yẹ̀ wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú láti orí òkun, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dé, òjò tẹ̀ lé e. A wà lábẹ́ àgọ́ iṣẹ́, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń ké kéwú sókè kí òjò má baà borí wọn. Láàárín ohùn wọn, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ̀." Ó dákẹ́. Ó tún dún: "kẹ̀ẹ̀." Ọ̀gá gbójú sókè.

"Òrùlé ń jókòó ni," Pobè wí, kò sì dáwọ́ dúró lórí pákó tó ń fá. "Òjò àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, kó kùn díẹ̀."

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi tí kò dá yẹn ti gbé mi bọ́ sínú òjò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéwú, omi ń ro lára mi, n kò rántí kí ẹnikẹ́ni.

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde."

"Sínú òjò yìí? Kí ló dé?"

"Ẹ kó wọn lọ sí mọ́sáláṣí. Màá ṣàlàyé. Ẹ kó wọn jáde ná."

Ó wò mí. Láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti mọ ojú yìí. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ dìde, wọ́n gbé wàláà lérí bí agbòjò, wọ́n ń sáré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Pobè ló kẹ́yìn, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan. Mo gbé e láìwọ bàtà, mo sì jáde.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí, níwájú Ọ̀gá, Ààfáà, àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn ọmọdé tí òtútù ń mú, mo sọ ọ́. "Igi àárín yẹn, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi àmì sí i torí pé mo fẹ́ sáré bá ìrun. Nígbà tí Ọ̀gá bi mí, mo purọ́."

Pobè ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Láti ọjọ́ wo?" ló wí. "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀ pé orí ọmọ mi wà lábẹ́ ohun tí o kò mọ̀? Àná lo jẹ gààrì nínú abọ́ mi!" Ó ń fi ìborí rẹ̀ nu òjò lójú ọmọ náà. "Ẹni sàfù àkọ́kọ́! Máa gbà á, a ò bá ọ du àyè!" Ààfáà ní kó ṣe sùúrù. Pobè ní òun kò ní sùúrù lọ́wọ́ lónìí, kí Ààfáà lọ yá a lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá sọ ni pé, "Ẹ mú òpó wá."

Bí òjò ṣe ń dá, à ń ti òpó sábẹ́ àwọn igi òrùlé. Nígbà tó dá tán, a ṣí páànù àárín, a sọ igi kẹwàá kalẹ̀, Ọ̀gá sì na ayùn sí mi. Mo ṣe Bísímílà. Mo gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò ní orí rẹ̀, òórùn ata gbígbẹ yẹn sì gba gbogbo ibẹ̀. Inú igi náà mọ́, ó gbẹ, ó le. Mo gé orí kejì. Bákan náà ló rí. Igi kẹwàá kò ní àléébù kankan.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo òjò yìí, nítorí igi tó le ju orí Ṣakété lọ!" Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi náà fò. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi nígbà tí Ọ̀gá sọ wẹ́rẹ́ pé, "Kí ló wá ń dún?"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gun àkàbà, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí àwọn igi yòókù. Nígbà tó dé orí igi kẹrin, èyí tó wà lókè ibi tí Ààfáà ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, ọ̀bẹ wọlé títí dé èèkù. Ó fà á yọ, ìyẹ̀fun dúdú bí èlùbọ́ dà sílẹ̀. Ìwọ̀n ìka méjì péré nínú orí igi náà ló kù lórí ògiri.

"Àmì ta nìyí?" ló bi mí láti òkè.

"Tèmi ni, Ọ̀gá."

"Ṣé o yẹ èyí wò?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ó dún bí agogo."

"Ọ̀dà lò ń gbọ́, Ṣakété. Kì í ṣe igi. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ọ̀dà ló di èèpo mú."

Lọ́jọ́ kejì, mo di aṣọ iṣẹ́ mi sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó lé mi. Ọ̀gá ní, "O mọ òfin." Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Pobè ni n kò retí ohùn rẹ̀. Ó wà nídìí pákó rẹ̀, kò wojú mi, ó ní, "Ọ̀gá, Kétu dúró títí ayùn fi mú un. Èyí sáré wọnú òjò nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lé e." Ọ̀gá na ìka sí òkìtì ilẹ̀kùn. "Padà síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Bí mo ṣe tún lo ọdún kan gbáko nídìí ọ̀dà híhọ nìyẹn kí n tó gba ìwé mi. Pobè kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, títí di ọ̀sán kan tó kàn ti abọ́ gààrì sí iwájú mi tó ní, "Jẹ, kí o má baà jẹ ìṣó."

Mo ti rò ó láìmọye ìgbà. Igi tí mò ń bẹ̀rù ló yè, igi tí mo fi yangàn ló ti kú. Ká ní mo dákẹ́, kò sẹ́ni tí ìbá gun àkàbà yẹn, Ààfáà tó kọ́ mi ní lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ìbá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo mọ̀ ni Ọlọ́run fi tú àṣìṣe tí n kò mọ̀ síta. Ọpẹ́ yẹn, n kò tíì dá a tán.

Ọ̀gá ti dàgbà báyìí, kì í gun àkàbà mọ́, èmi ni mò ń kọ́ àwọn tuntun lábẹ́ àgọ́ yẹn. Bí ladáànì bá pe ìrun tí igi sì wà lọ́wọ́ mi, màá gbé e kalẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i, màá kó ẹfun sápò, màá lọ. Bí mo bá ti ń yẹ orí rẹ̀ wò lọ́wọ́, màá parí rẹ̀ ná, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé sàfù ìkẹyìn ni mo máa ń bá. Nígbà tí a bá kírun tán, màá padà sídìí igi náà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Á ṣì wà níbẹ̀, kò ní sí ìlà kankan lára rẹ̀, á máa dúró dè mí.