Dulanjan àti Awọ́nríwọ́n Etídò

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí awọ́nríwọ́n wọ ilé ìdáná Màmá Kusuma ní Kòlóńbò. Bí ẹran náà bá ti inú odò wọlé ẹni, àmì burúkú ni, àfi kí wọ́n pe àlùfáà Búdà kó wá gbàdúrà sílé. Màmá ké pe àlùfáà, ó sì ké pe ẹni tó máa mú igi wá. Dulanjan ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, gbá ẹran mọ́ra.

“Gbé e jáde kí n tó ya wèrè!”

“Màmá, ẹ ní sùúrù. Àdúrà yẹn, òun náà fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ, ṣùgbọ́n Màmá ronú kan ẹkùn lọ́jọ́ náà. Dulanjan gbé awọ́nríwọ́n lé itan títí àdúrà fi parí. Bí àlùfáà ṣe ń dìde, ó ní, “Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, awọ́nríwọ́n yìí nìkan ni ò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń gbàdúrà.”

Dulanjan àti Sewwandi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ló ń ka iye awọ́nríwọ́n etídò láràárọ̀ Sọ́ńdè. Dulanjan fi orúkọ ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ sọ èyí tó sanra jù. Bí ọkùnrin náà bá ń kọjá, Dulanjan á dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá méjèèjì.”

Síbẹ̀, kì í ṣe eré. Ìjọba fẹ́ fi kọnkéré bo etídò tí àwọn ẹran náà ń yé ẹyin sí. Wọ́n ní àwọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò bá mú ìṣirò iye awọ́nríwọ́n ibẹ̀ fún ọdún kan gbáko wá, ọ̀sẹ̀ kan ò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nígbà tí ibà tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi pa Dulanjan. Ọjọ́ kẹfà tó dùbúlẹ̀ ló kú. Ikú ò ṣe dáadáa rárá.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìsìnkú, Sewwandi kà dé méjì, omijé ò jẹ́ kó rí ẹ̀kẹta. Ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ nígbà tó rí Màmá Kusuma tó ń bọ̀ nínú aṣọ funfun ọ̀fọ̀.

“Màmá, ṣé ẹ ò bẹ̀rù wọn mọ́ ni?”

“Mò ń bẹ̀rù wọn dáadáa. Dúró níwájú mi. Mélòó lo ti kà?”

“Méjì, Màmá.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ fọ́ ni? Mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi yẹn.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n jọ kà. Ìjọba gbà, wọ́n fi etídò sílẹ̀.

Nígbà tí òkú pé oṣù mẹ́ta, wọ́n fún àwọn àlùfáà lóúnjẹ, kí ẹbí lè fi èrè iṣẹ́ rere wọn ta olóògbé lọ́rẹ. Màmá ń da omi tí wọ́n fi ń ta òkú lọ́rẹ sínú àwo. Àlùfáà béèrè iṣẹ́ rere tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Gbogbo ènìyàn rò pé oúnjẹ tó sè ló máa dárúkọ.

“Awọ́nríwọ́n mọ́kàndínlógójì,” ló wí. “Gbogbo wọn ló wà láàyè. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi.”