Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Mi

Ìyá mi ṣubú lóko kòkó, egungun ìbàdí wọn sì sán. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà ní kí wọ́n máa wá sí ọsíbítù ní Àkúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n lè máa bá wọn na ẹsẹ̀. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ. Ọkọ̀ mi ti gbó. Bí táyà bá ti kó sí kòtò báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á dún gbì, ìyá mi á sì ki etí gèlè bọ ẹnu kí n má baà gbọ́ igbe wọn. Mo máa ń gbọ́ ọ náà.

Àbúrò mi tó wà ní Èkó ló ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, pẹ̀lú sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi rán awakọ̀ kan sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ gbé e fún ẹnikẹ́ni," ó ní lórí fóònù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì! Gbogbo rẹ̀ wà lórí YouTube."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya sípíríǹgì sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ girama, tí mò ń sọ fún wọn pé bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe nà tó. Mo wo fídíò mẹ́fà. Ó dà bíi pé ìgbà tó máa gbà mí ò tó wákàtí méjì.

Ìyàwó mi wo àwọn páálí tí mo tò sí ẹnu ọ̀nà. "Dádì, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Orí bọ́ọ̀dù lẹ ti mọ̀ ọ́n."

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò ní: èyí tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́ lára ṣọ́ọ̀kì. Mo lọ bá mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Aládé pé kó yá mi. Obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì jogún ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mọ̀ ọ́n lójú, àmọ́ n kò gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ rí. Kí n má parọ́, nítorí pé obìnrin ni.

"Tíṣà, ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é fún mi," ó ní.

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì tó wà lókè, níbo ni orí yín máa wà?"

"Lókè rẹ̀, kí n lè rí i."

Ó nawọ́ sí páànù òrùlé. Ihò kan wà níbẹ̀ tó tó ọsàn. "Sípíríǹgì ló gba ibẹ̀ jáde. Kó tó débẹ̀, ó kọ́kọ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi. Wọn ò fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ ẹran mọ́ títí wọ́n fi kú."

Mo tún gbójú sókè wo ihò náà.

"Mi ò ní yá yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín ni, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Tẹ̀yìn ò le, torí ṣọ́ọ̀kì dá wà, sípíríǹgì dá wà. Ẹ ṣe ẹ̀yìn, kí n ṣe iwájú. Ibí ni ká ti ṣe é, kí n lè máa rí yín."

Ní àárọ̀ Sátidé, a bẹ̀rẹ̀. Bóòtù àkọ́kọ́ ti dípẹtà, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo so mọ́ sípánà bí ẹni so mọ́ ẹ̀ka igi. Obìnrin náà kò gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ ta epo sí i," ó ní láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, "ẹ jẹ́ kó mu ún, kẹ́ ẹ wá rọra mì ín lọ mì ín bọ̀." Nígbà tó tú, mo pariwo bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Ó ń kọ orin ìjọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tó kan sípíríǹgì, ó dákẹ́. Ó ń fi irinṣẹ́ yẹn fún un pọ̀: ó yí ọ̀tún díẹ̀, ó yí òsì díẹ̀, ó gbé ojú àti àyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àfìgbà tí irin náà dẹ̀ pátápátá ló tó mí kanlẹ̀, tó sì ń bá orin rẹ̀ lọ níbi tó dá a dúró sí. Iwájú méjèèjì ti parí kí n tó ṣe ẹyọ kan.

Nígbà tí mo rò pé mo ti ṣe tán, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó. "Tíṣà, nígbà tẹ́ ẹ fún bóòtù yìí, ṣé táyà wà nílẹ̀?"

"Rárá, jáàkì ṣì gbé e sókè."

"Ẹ tú u. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró ná, kẹ́ ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tó wà nídìí ṣọ́ọ̀kì á wà ní lílọ́ nígbà gbogbo, á sì tètè ya."

Bẹ́ẹ̀ òfin tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́ ló ń sọ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé òun mọ ibi tí òfin náà ń gbé lára irin.

Òun ló wa ọkọ̀ náà láti dán an wò. Ó pa rédíò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. Kí a tó dé Aládé, nǹkan kan ró kọ́. Ojú tì mí, torí ó dá mi lójú pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ó páàkì, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde.

"Tèmi ni," ó ní. "Ọwọ́ ọ̀tún níwájú. Mi ò fún un dé òpin."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni sọ pé òní ni Sátidé. Mo ti wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé fún ọdún púpọ̀, n kò rántí ẹni tó gba àṣìṣe rẹ̀ wẹ́rẹ́ báyẹn, èmi pàápàá kún un. Ó fún bóòtù náà, a padà, ó sì ní kí n rí i pé wọ́n bá mi to táyà gún régé ní Àkúrẹ́ kí n tó rin ọ̀nà jíjìn.

Lọ́jọ́ ọsíbítù, bí a ṣe súnmọ́ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, ìyá mi di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ̀ wọ kòtò, ó rọra gòkè. Wọ́n tú ìka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká tó rìn díẹ̀ sí i, wọ́n ti ń ròyìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò wa fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yẹn rí.

"Ta ló tún un ṣe?" wọ́n bi mí.

"Èmi ló ṣe ẹ̀yìn," mo yára dáhùn, mo sì sọ ẹni tó ṣe iwájú.

Wọ́n ní ká yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí a bá ń bọ̀. A yà. Obìnrin náà nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì wá. Ìyá mi mọ bàbá rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ láàárín wọn. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń retí wọn, inú mi sì dùn láti máa retí.